Òógùn Bàbá Títí

Bí ẹ bá ti ra oògùn èkúté rí ní Ìkọ̀tún, ẹ ti gbọ́ ohùn Jàfárù. Ẹ lè má mọ ojú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohùn tó máa ń ti inú gbohùngbohùn orí bárò jáde yẹn, tó ń ní oògùn èkúté, oògùn aáyán, oògùn ìdun, bó bá tọ́ ọ wò kò ní padà délé, Jàfárù ló ni ín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kà á sínú fóònù. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń tà á ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ó ti dé Akówónjọ, ó ti dé Ìjẹ̀gùn. Èkúté ò tíì tán ní Alímòṣọ́, ṣùgbọ́n a ò lè torí ìyẹn dá ohùn lẹ́bi.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Jàfárù. Iṣẹ́ télọ̀ ló wá ṣe l'Ékòó, òun náà ló sì ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìgàndó. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń bọ́ ilé rẹ̀, ohùn ló ń bọ́ ọkàn rẹ̀. Bí oníbàárà bá pè é ní télọ̀, á dáhùn. Bí oníbàárà bá pè é ní olóhùn-iyọ̀, á dáhùn, á sì rán bọ́tìnnì kan kún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan ló tún fi ń yangàn ju ohùn yẹn lọ, ìyẹn ni pé Ọ̀yọ́ lòun ti wá. Lójú tirẹ̀, gbogbo èèyàn yòókù l'Ékòó, ńṣe ni wọ́n ń yá Yorùbá lò. Bí ará Ìjẹ̀bú bá wá gba ìwọ̀n aṣọ, á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe fún un kó tó fi téèpù kàn án, onítọ̀hún á sì dúpẹ́, torí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Jàfárù. Áásíyà ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, ti kìlọ̀ fún un títí pé ẹni tó bá ń gbé èdè gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin, ara òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ta sí lọ́jọ́ tó bá fọ́. Jàfárù ní òwe Ìbàdàn nìyẹn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà ní Ẹ̀gàn, tí Alàgbà Ebenezer, tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dá sílẹ̀ sínú ọgbà bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé adé àti ère. Irinṣẹ́ àwọn tó kọ́ àdúgbò náà ló kó jọ síbẹ̀: òfì, ayùn àwọn alápákó, máṣínì ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, agolo tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, àti mọ́ọ̀dù irin kan tí wọ́n fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù. Irinṣẹ́ tó dára ni gbogbo wọn, àléébù wọn kan ni pé wọn kì í sọ̀rọ̀. Àlejò á wọlé, á ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá ọlọ́pàá, á ní àwọn ní irú èyí nílé, á sì béèrè ibi tí ilé ìtọ̀ wà. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn àgbà tó fi irinṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ rí ò lè kà á, àwọn ọmọ tó lè kà á ò sì fẹ́.

Fẹ́kọ́mi, ọmọbìnrin tó ń bá Alàgbà ṣiṣẹ́, ló rí ọgbọ́n sí i. Ó kàwé kọ̀ǹpútà, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣe áàpù kan. Bí èèyàn bá ti ní in lórí fóònù, tó sì na fóònù náà sí àwòrán dúdú-funfun onígun mẹ́rin tó wà lára ògiri, irinṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ara rẹ̀ ní Yorùbá, ta ló ni ín, kí ló fi ṣe, kí lojú rẹ̀ ti rí. Torí pé dátà wọ́n, ó tún ṣe é lọ́nà tí èèyàn fi lè gba gbogbo ohùn náà sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kó máa gbọ́ ọ nílé, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ohùn ẹ̀rọ kọ́ ló fẹ́ lò. Ohùn tí etí Alímòṣọ́ ti mọ̀ ló fẹ́. Alàgbà kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ṣé ẹni tó ń lé èkúté ni yóò wá máa kí àlejò káàbọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jàfárù ka ìlà díẹ̀ fún un, ńṣe ni bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀, tó nù ún.

Fẹ́kọ́mi fúnra rẹ̀ ló lọ bá àwọn tó ni irinṣẹ́, tó gba ìtàn wọn, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, tòkè tìsàlẹ̀. Nígbà tí Jàfárù rí i lójú fóònù, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Fẹ́kọ́mi, kí ni gbogbo èyí? Ó dà bí ìgbà tí eṣinṣin yàgbẹ́ sórí ìwé. Ẹ bá mi kó wọn kúrò jàre. Ọmọ Ọ̀yọ́ kì í wo àmì kó tó sọ̀rọ̀."

Fẹ́kọ́mi ní bóyá kí òun ṣáà fi wọ́n sílẹ̀. Jàfárù ní wọ́n ń ro òun lójú. Fẹ́kọ́mi bá kó wọn kúrò.

Inú wọ́dúróòbù ni Jàfárù ti ka gbogbo rẹ̀, láàárín búùbù Áásíyà àti agbádá oníbàárà kan, torí pé jẹnẹrétọ̀ ojúlé gbogbo ló ń ké níta. Ó ka ti òfì, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ka ti agolo búrẹ́dì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tó máa fi kan mọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀kù, ooru ti fẹ́ pa á mọ́bẹ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ nìyí, lẹ́yìn tí eṣinṣin ti kó ẹrù rẹ̀ lọ:

"Eyi ni moodu ti Baba Titi fi te bulooku to ko idaji Egan. Oogun ni baba fi ko ile tiwon naa. Ko si bulooku kan nibe ti oogun re ko kan si. Titi di oni, eni to ba jeun nile naa, oogun baba lo je."

Òógùn ni Fẹ́kọ́mi kọ, èyí tó ń jáde lára ẹni tó bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ahọ́n Jàfárù ti ń bá oògùn ṣọ̀rẹ́. Ó rí ọ̀rọ̀ náà lókèèrè, ó kí i bí ẹni kí ará ilé rẹ̀, ó sì kà á pé oògùn ni bàbá fi kọ́ ilé tiwọn náà. Ó ní kò sí búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀ tí oògùn rẹ̀ kò kán sí. Ó ní títí di òní, ẹni tó bá jẹun nílé náà, oògùn bàbá ló jẹ.

Ní ìlà tó kẹ́yìn yìí, ọkàn rẹ̀ ta á jí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbóná lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti dùn jù níbẹ̀, ó ti rẹ ohùn náà sílẹ̀ bí ẹni ń fi àṣírí hàn, kò sì ní agbára àtitún un kà nínú ooru yẹn. Ó nu ojú rẹ̀ sára agbádá oníbàárà, ó sì fi ohùn náà ránṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan nìkan ni Fẹ́kọ́mi gbọ́, láti mọ̀ bóyá ariwo jẹnẹrétọ̀ wọ̀ ọ́. Kò wọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí áàpù náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yí padà. Àwọn tí kì í dúró wá ń dúró. Àwọn bàbá àgbà ń gbé fóònù létí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń pè láti Jámánì. Ìyá kan gbọ́ ti òfì tán, ó dá irinṣẹ́ náà lóhùn pé ó ṣeun, ṣé àlàáfíà ni ìyàwó àtàwọn ọmọ wà. Ọmọdé á na fóònù sí ayùn, bàbá bàbá rẹ̀ á gbọ́, á ní ọ̀rọ̀ kù níbẹ̀, á sì jókòó sọ èyí tó kù. Alàgbà ní láti lọ yá àga ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹni tó wọlé ló mọ ohùn náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé olóògùn èkúté ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Jàfárù máa ń wá dúró sí ẹ̀yìn wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, á máa gbọ́ ara rẹ̀.

Ó ṣàkíyèsí pé ibi mọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀kù lèrò ti ń pọ̀ jù. Èèyàn á gbọ́ ọ tán, á wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tún un tẹ̀. Àwọn kan á gbà á sórí fóònù wọn lójú ẹsẹ̀. Alàgbà ní bí ohùn ṣe ń wọ èèyàn lára nìyẹn. Jàfárù náà gbà bẹ́ẹ̀.

Màmá Títí tó ni mọ́ọ̀dù náà kò sí nílé ní gbogbo àkókò yìí. Ó wà l'Ábẹ́òkúta, ó ń wẹ ọmọ tuntun fún Títí. Opó Bàbá Títí ni, ìjọ Áńgílíkà ló ń lọ, ohun tí wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n ládùúgbò ni òjòjò. Bó bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, á rin ewùrà, á dín in, á gbé abọ́ síta, gbogbo ọmọ àdúgbò, ti mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, á wá mú. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Nígbà tó dé láti Abẹ́òkúta, ó dín òjòjò, ó gbé abọ́ síta, kò sọ́mọ tó wá. Ó rò pé wọ́n ti gbàgbé. Ó pe ọ̀kan lórúkọ. Ọmọ náà ní ìyá òun ní kóun kí wọn o, òun ti yó.

Áásíyà ló gbé ìròyìn náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ dirun ní Ẹ̀gàn, ó sì gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń dirun pé ilé kan wà nítòsí tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ jẹun níbẹ̀, pé oògùn owó ni wọ́n fi kọ́ ọ, pé oògùn ọ̀hún ṣì ń jà nínú oúnjẹ wọn, pé kì í sì í ṣe àhesọ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Jàfárù béèrè pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wo. Áásíyà bi í pé mélòó ló mọ̀ l'Ẹ́gàn. Wọ́n ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí òun náà. Ó gbé fóònù sórí máṣínì, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Jàfárù jáde, ó dùn bí oyin. Ó gbọ́ ọ dé ìparí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí máṣínì.

"Bàbá Rídwàn," Áásíyà fi orúkọ ọmọ wọn pè é, "kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ìwòyí, bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá...

"Mo ní kí ni wọ́n kọ?"

"Òógùn."

"Kí lẹ wá kà?"

Jàfárù gbé ẹsẹ̀ padà sórí máṣínì. Áásíyà kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù, torí pé kò sí nǹkan tí Áásíyà kì í rẹ́rìn-ín sí. Ó mú fóònù rẹ̀ kúrò lórí máṣínì, ó ní opó ni obìnrin yẹn o, ó sì gba ilé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jàfárù gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀gàn. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu. Ó máa sọ pé òun ni, pé òun ló ní kí wọ́n kó àmì kúrò, pé òun ló ṣì í kà. Ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Alàgbà, ó ti í, ó bá Màmá Títí lórí àga. Obìnrin arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó gbé báàgì sórí ẹsẹ̀, kò pariwo. Irin ọkọ òun ló wá gbà.

"Bàbá Títí ti kú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́," ó ń sọ fún Alàgbà. "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa bá a sọ ọ́. Ẹ wá wo ohun tí ẹ sọ."

Alàgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó pe Fẹ́kọ́mi, ó ní kó mú ohun tó kọ wá. Fẹ́kọ́mi ṣí i lórí fóònù. Ó wà níbẹ̀, òfìfo, kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Alàgbà wò ó, ó wo ọmọbìnrin náà, ó bi í pé ṣé bí ẹni tó lọ sí yunifásítì ṣe ń kọ èdè bàbá rẹ̀ nìyí, tí oògùn àti òógùn fi jọra lójú ìwé bí ìbejì. Fẹ́kọ́mi gbójú sókè, ó wo Jàfárù lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí.

Jàfárù la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò jọ wà níbẹ̀. Ohun tó jáde ni pé àmì ohùn ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú èdè Yorùbá.

Màmá Títí yí ọrùn, ó wò ó fúngbà díẹ̀, ó sì yí ọrùn padà. Alàgbà ní ẹ ò gbọ́ lẹ́nu ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní kí Fẹ́kọ́mi lọ sílé títí òun yóò fi pè é. Ọmọbìnrin náà kó ṣájà rẹ̀, ó kó agolo omi rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Jàfárù kọjá, ó ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Bó bá bú u ni, ìbá sàn.

Alàgbà bẹ Màmá Títí pé kó ṣe sùúrù díẹ̀, àwọn máa tún un ṣe. Jàfárù tún un kà lọ́jọ́ náà gan-an, òógùn, òógùn, òógùn, wọ́n sì fi sínú áàpù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, èyí tó tọ́ ló ń gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti gba ti tẹ́lẹ̀ sórí fóònù ńkọ́? Ọgbọ́n tí Fẹ́kọ́mi dá kí dátà má bàa tán lápò tálákà, òun náà ló tọ́jú irọ́ náà pa mọ́ fún wọn. Àwọn tó gbọ́ méjèèjì tiẹ̀ wá burú jù. Wọ́n ní ẹ ò rí i pé òótọ́ ni, wọ́n ti lọ san nǹkan kí wọ́n yí i.

Oorun Jàfárù dàrú. Bó bá rán aṣọ, á rán apá mọ́ ẹ̀gbẹ́. Bó bá kírun, ibi tó yẹ kó dúró kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ojú Fẹ́kọ́mi lá máa rí. Ó wá ronú pé ohun tí ohùn bà jẹ́, ohùn náà ló yẹ kó tún un ṣe. Ó ka ọ̀rọ̀ tuntun sínú fóònù, pé kí gbogbo ará Alímòṣọ́ gbọ́, òógùn ni Bàbá Títí fi kọ́lé, kì í ṣe oògùn, kò fìgbà kan lo oògùn. Ó bẹ ọ̀kan nínú àwọn olóògùn èkúté ní Ìkọ̀tún pé kó máa fi kún tirẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ irú gbohùngbohùn tí wọ́n ń lò. Ó ti fọ́, òkè àti ìsàlẹ̀ ti di ọ̀kan náà nínú rẹ̀. Nígbà tí Jàfárù débẹ̀ lọ́sàn-án láti gbọ́ bó ṣe ń lọ, ọkùnrin kan ti dúró ti bárò náà, ó ń yẹ ọjà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èló ni oògùn Bàbá Títí yẹn?" ló ń béèrè. "Ṣé ó ń pa ìdun?"

Ẹni tó ń tajà ní ó ti tán, kó padà wá lọ́la. Ìkọ̀tún tí kò gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti gbọ́ báyìí. Jàfárù ní kí wọ́n pa ohùn náà, kò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni títí ó fi délé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó lọ sílé Màmá Títí. Ilé náà kò ṣòro mọ̀, òun nìkan ni kò sí ọmọ níwájú rẹ̀. Ilé alájà kan ni, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ tò bí eyín. Abọ́ òjòjò wà lórí bẹ́ńṣì níta, ó kún, eṣinṣin ń yí i ká. Màmá Títí jókòó tì í, ó sì ń lé eṣinṣin. Jàfárù dọ̀bálẹ̀, ó kí i. Obìnrin náà dá a lóhùn, ó ní kó jókòó, ó sì ti abọ́ náà sún mọ́ ọn.

"Ẹ jẹun ná."

"Màmá, mo ti yó."

"Ẹ ti yó. Gbogbo àdúgbò ló ti yó látìgbà tí mo ti dé."

Jàfárù na ọwọ́. Ẹ wá wo nǹkan: kò sí ẹlòmíràn nínú ayé tó mọ̀ tó Jàfárù pé irọ́ ni. Inú wọ́dúróòbù rẹ̀ ni wọ́n ti bí irọ́ náà, ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé etí abọ́, ó dúró. Ohùn dídùn yẹn sọ̀rọ̀ sí i létí pé ẹni tó bá jẹun nílé náà, oògùn bàbá ló jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ fà sẹ́yìn. Ó rí i, Màmá Títí náà sì rí i. Ó mú ọ̀kan, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ òkúta, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀.

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, eṣinṣin, wọ́dúróòbù, ooru, ohùn tó dùn jù. Màmá Títí kò dá a dúró. Nígbà tó ṣe tán, obìnrin náà nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fi "ẹ" sílẹ̀, tó mú "o".

"Ọjọ́ tí o la ẹnu lọ́fíìsì Alàgbà ni mo ti mọ̀ pé ìwọ lo ni ohùn yẹn. Mo gbọ́ nígbà tí o ti ọ̀rọ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Mo ní n máa wò ó, bóyá o máa wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"Ẹ̀rù oúnjẹ mi bà ọ́."

Jàfárù tẹ orí ba.

"Ìwọ tó o pa irọ́ yìí, ẹ̀rù bà ọ́. Kí ni kí n wá wí fún ìyá ọmọ tó wà lójúlé kejì?" Ó wo abọ́ náà. "Ṣé o mọ bí Bàbá Títí ṣe ń ṣe? Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á fún un lẹ́nu ọ̀nà yìí, omi á ṣàn dé gọ́tà. Á ní kí n wá wo ilé tí òun ń kọ́. Nǹkan tí mo sọ fún Fẹ́kọ́mi nìyẹn. Nǹkan tí ọmọ yẹn kọ nìyẹn."

Ojú Jàfárù wà nílẹ̀. Ó bi obìnrin náà pé kí ni kóun ṣe. Ó ní bí ó bá fẹ́, òun máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, òun máa sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, òun máa tún un kà.

"O ò ní kà á. Èmi ni n máa sọ ọ́ sínú fóònù wọn, pẹ̀lú ẹnu mi. Ìwọ, kọ́kọ́ lọ bá Alàgbà, kí ọmọ yẹn padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, wá jókòó síbí, níta, kí o jẹun. Má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ohùn rẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

Ó lọ bá Alàgbà. Ìyẹn ṣòro, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Alàgbà gbọ́ ọ tán, ó yọ awò ojú rẹ̀ bíi ti ọjọ́sí, ṣùgbọ́n kò nù ún lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun ló ti lé ọmọ aláìṣẹ̀ sílé, òun náà ló máa lọ pè é. Fẹ́kọ́mi padà wá. Ó kí Jàfárù, Jàfárù bẹ̀ ẹ́, Fẹ́kọ́mi ní ó ti tán. Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí kò tíì tán.

Màmá Títí fi irin náà sílẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú áàpù fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ó wúkọ́ níbì kan, a tún ń gbọ́ tí ẹnìkan ń gún nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán. Kò mẹ́nu kan oògùn rárá, kò sọ pé èyí ni, èyí kọ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ ló sọ, bí omi ṣe ń ṣàn dé gọ́tà. Àwọn tó bá na fóònù sí mọ́ọ̀dù náà báyìí kì í wo ara wọn mọ́. Irin náà ni wọ́n ń wò. Ẹlòmíràn á fọwọ́ kan ibi tí ọwọ́ oníṣẹ́ ti jẹ irin náà wọlé. Fẹ́kọ́mi ní nínú gbogbo ohùn tó wà nínú áàpù náà, òun ni èèyàn ń gbọ́ dé ìparí jù. Jàfárù kò bi í léèrè ti tòun.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ń lọ jókòó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ará àdúgbò á fa àga wọn síta láti wo ìgbà tí yóò ṣubú. Kò ṣubú. Nígbà tí àwẹ̀ Ràmàdáánì wọlé, ó lọ ṣàlàyé fún Màmá Títí pé òun ò lè jẹ lọ́sàn-án. Màmá Títí ní kò burú, kó wá jókòó, kó gbé abọ́ sórí ẹsẹ̀, kó sì gbé e lọ fi ṣínu lójú gbogbo ayé. Ó gbé e. Áásíyà náà jẹ nínú rẹ̀, ó ní ó dùn, ó sì wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n gé ní ìwọ̀n òdì.

Nígbà tó yá, ìyá ọmọ ojúlé kejì wá dúró níwájú Jàfárù, ó yẹ ojú rẹ̀ wò, ó yẹ ahọ́n rẹ̀ wò bí nọ́ọ̀sì, ó sì pe ọmọ rẹ̀ pé kó mú ẹyọ kan. Ọmọ náà mú méjì. Àwọn mìíràn ti ń wá láti ìgbà náà, wọn ò pọ̀ tó ti àtijọ́. Àwọn ìyá kan wà tí wọ́n á kí Màmá Títí dáadáa, wọ́n á bá a gbé ẹrù, ṣùgbọ́n bí ọmọ wọn bá yà síbi abọ́, wọ́n á rántí pé wọ́n ń rán an níṣẹ́. Jàfárù mọ gbogbo wọn lójú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kọjá, Jàfárù á ti abọ́ náà sún síwájú díẹ̀. Kò sí ohun tó lè sọ. Wọ́n ti ní kó má sọ̀rọ̀.

Òjòjò kì í ṣe oúnjẹ tí èèyàn ń jẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má hàn lára rẹ̀. Jàfárù ti sanra. Ikùn rẹ̀ ti ń bá máṣínì du àyè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti yọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan, àwọn obìnrin méjì tó ń bọ̀ láti Àkẹ̀sán gba iwájú ilé náà kọjá, wọ́n wò ó lórí bẹ́ńṣì láti òkè délẹ̀.

"O ò rí i bó ṣe ń dán?" èyí àgbà sọ fún èkejì. "Wọ́n ti fún un nínú oògùn ọ̀hún."

Jàfárù gbọ́. Màmá Títí, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, náà gbọ́. Ó wo Jàfárù, ó ń retí ohun tó máa ṣe. Jàfárù mú òjòjò mìíràn, ó fi kún ẹnu.